Ta Ló Kọ́kọ́ Gé Oògùn sí Wẹ́wẹ́?

Ẹ̀sùn kan wà tó ti pẹ́ lẹ́nu àwọn oníṣègùn: aláìsàn kì í lo oògùn tán. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn ìwé ìṣègùn ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́ tí wọ́n kó sábẹ́ orúkọ Hippocrates, wọ́n ti kìlọ̀ fún oníṣègùn pé kó la ojú rẹ̀ sílẹ̀, nítorí aláìsàn a máa purọ́ pé òun ti lo ohun tí wọ́n fún òun. Ní Alápẹ̀rẹ̀ ní Èkó, láàárín Ògùdù àti Kétu, ẹ̀sùn náà kò tíì yí padà. Wọ́n ní kí ẹnì kan lo oògùn ọ̀fun dídùn fún ọjọ́ méje. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí itọ́ ti ń lọ geere, ó tọ́jú ìyókù pa mọ́, tàbí kó fún ọmọ aládùúgbò tí ń wúkọ́. Wọ́n ní kó lo oògùn ibà fún ọjọ́ mẹ́ta, ó lò ó fún ọjọ́ kan àbọ̀. Àwọn tó ń bá a wí a máa sọ ọ́ bíi pé ìwà ló kù díẹ̀ káàtó: ó lágídí, kò mọ̀wé, kò gbọ́ràn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn ni pé ẹ̀sùn náà mú ẹni tó wà nítòsí, ó sì fi ẹni tó jìnnà sílẹ̀. Láti ìgbà tí oògùn òyìnbó ti dé ọ̀dọ̀ wa, ibi tí wọ́n bá ti ṣètò rẹ̀ lódidi ni àwọn èèyàn ti ń lò ó lódidi. Níbi tí ètò bá ti fọ́, oògùn náà á fọ́, àfọ́kù rẹ̀ ni aláìsàn sì máa ń gbà.

Orí omi ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán àwọn ọkọ̀ lọ sí Odò Ọya. Ibà pa àwọn òyìnbó inú wọn lọ́pọ̀lọpọ̀ débi pé ìrìn àjò náà forí ṣánpọ́n. Ní 1854, ọkọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ Pleiad gba ojú odò kan náà lọ. William Balfour Baikie, dókítà ọmọ Scotland, ni olórí rẹ̀, Samuel Àjàyí Crowther sì wà nínú rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, òyìnbó kankan kò kú. Quinine, oògùn tí wọ́n ń rí lára èèpo igi cinchona, ni Baikie ń fún wọn lójoojúmọ́ kí ibà tó dé. Oògùn náà ni àwọn òpìtàn máa ń yìn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ yẹ ní ohun tí à ń yìn. Quinine korò, ó máa ń mú etí hó, kò sì rọrùn kí ẹni tí ara rẹ̀ le máa gbé ohun kíkorò mì láràárọ̀. Nínú Pleiad, oògùn wà nílẹ̀, wọ́n ti sanwó rẹ̀, olórí kan ló ń pín in, oúnjẹ sì wà níkùn. Kò sí ẹni tó ń ṣírò bóyá ti òní nìkan lòun máa rà kí òun fi ti ọ̀la sílẹ̀. Nígbà tí William MacGregor, tóun náà jẹ́ dókítà, di gómìnà Èkó láàárín 1899 sí 1904, ọ̀nà yìí kan náà ló tọ̀: ó sọ pípín quinine àti fífa omi irà gbẹ di iṣẹ́ ìjọba, kò fi í sílẹ̀ fún oníkálukú.

Ẹ̀kọ́ kejì tí oògùn òyìnbó kọ́ wa dé ní àwọn ọdún 1950, ó sì yàtọ̀ pátápátá sí ti inú ọkọ̀. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, pẹ̀lú UNICEF gbógun ti yaws, àrùn egbò tó máa ń jẹ àwọn ọmọdé lára títí dé egungun, káàkiri ilẹ̀ olóoru, Nàìjíríà náà sì wà nínú rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń wọ abúlé dé abúlé pẹ̀lú penicillin. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo ni. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, egbò tó ti ń rùn láti oṣù mélòó kan á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ. Kò sí pé kéèyàn padà wá lọ́la, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ń kà. Ẹ̀kọ́ tí èèyàn lè rí fà yọ nínú èyí ni pé oògùn òyìnbó tó dára kì í fi ọ̀rọ̀ falẹ̀: ó dé, ó ṣẹ́gun, ó parí. Ẹ̀kọ́ náà kò sì jẹ́ irọ́, ojú ni wọ́n fi rí i. Ìfẹ́ abẹ́rẹ́ tí àwọn dókítà ṣì ń ráhùn lé lórí títí dòní ní gbòǹgbò nínú ohun tí oògùn fúnra rẹ̀ ti ṣe níṣojú wa. Ìran kan lẹ́yìn èyí, a wá ń sọ fún àwọn ọmọ àwọn tí abẹ́rẹ́ kan wò sàn pé kí wọ́n máa gbé kápúsù mì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, nítorí àìsàn tó ti lọ lójú wọn láti ọjọ́ kẹta.

Àwọn kan á ní àṣà wa ló fà á, pé àgbo ni Yorùbá mọ̀, àgbo kò sì ní òǹkà. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò wo ìṣègùn ìbílẹ̀ dáadáa, nítorí òǹkà àti àkókò ló kún inú rẹ̀. Ìkòkò àgbo ní iye ọjọ́ tí wọ́n ń gbé e kaná kí wọ́n tó da ewé àti egbò inú rẹ̀ nù. Àgúnmu mìíràn wà fún òwúrọ̀ kí aláìsàn tó fẹnu kan nǹkan, òmíràn sì wà fún alẹ́. Ọ̀pọ̀ ìtọ́jú ló ní èèwọ̀ tí aláìsàn gbọ́dọ̀ pa mọ́ títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé. Àwọn tó lè yẹra fún oúnjẹ kan fún ọjọ́ mọ́kànlá tàbí mẹ́tàdínlógún nítorí èèwọ̀ kò lè jẹ́ ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ka ọjọ́ méje. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó yí òǹkà náà ká. Odidi ìkòkò ló wà nínú ilé, wọn kì í ta á ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan fún aláìsàn. Ìyá àgbà tó se é wà ní àgbàlá kan náà, òun ló ń béèrè pé, “Ṣé o ti mu ún?” Ẹni tó bá fẹ́ dá a dúró ní láti sọ ìdí fún ẹlòmíràn. Ètò inú ìkòkò àti ètò inú Pleiad jọra ju bí àwọn tó ni wọ́n ṣe lè rò lọ.

Chloroquine ló wá fi hàn bí ètò ṣe lè kùnà bí iye hóró tilẹ̀ kéré, tí owó rẹ̀ kò sì wọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, oògùn ibà ilé gbogbo ni. Hóró mẹ́wàá ni fún àgbàlagbà: mẹ́rin, mẹ́rin, méjì, ọjọ́ mẹ́ta parí. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ kì í dé ọjọ́ kẹta, ara yíyún sì ni ó fà á fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Kì í ṣe ara sísú. Ó dà bíi pé abẹ́rẹ́ ń gún èèyàn láti inú awọ, látẹ́lẹsẹ̀ dé orí, ó sì lè gba ọjọ́ méjì. Láti 1964 ni àwọn dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà ti kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn. Àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń bá jà jù. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe chloroquine ní 1934, àwọn ará Amẹ́ríkà ló sì mú un dàgbà nígbà ogun àgbáyé kejì. Ara yíyún àwa kọ́ ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá dá a dúró lọ́jọ́ kejì ti fi nǹkan méjì wéra: ibà ti rọlẹ̀, ìyọnu awọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná. Ìṣirò ni, kì í ṣe agídí. Nígbà tí kòkòrò ibà kò wá gbọ́ chloroquine mọ́ ní ọ̀dọ̀ wa láàárín àwọn ọdún 1980, ẹnu kò sin lára àwọn tí kò lo hóró tán. Ṣùgbọ́n ìwádìí lórí àbùdá kòkòrò náà ti fi hàn pé ìran kòkòrò tó borí oògùn yìí ti yọjú ní gúúsù ìlà oòrùn Éṣíà láti àwọn ọdún 1950, ó sì ti ibẹ̀ dé ìlà oòrùn Áfíríkà ní ìparí àwọn ọdún 1970 kó tó kọrí sọ́dọ̀ wa. Aláìsàn Èkó lè bá wọn tan iná náà kálẹ̀, àmọ́ òun kọ́ ló ṣáná sí i.

Ibi tí oògùn ti fọ́ gan-an ni àárín 1979 sí 1990. Lateef Jákàńdè gorí àlééfà gẹ́gẹ́ bí gómìnà Èkó ní oṣù Ọ̀wàrà 1979 lábẹ́ ẹgbẹ́ òṣèlú UPN, ìwòsàn ọ̀fẹ́ sì jẹ́ ọ̀kan nínú ètò mẹ́rin tí ẹgbẹ́ náà fi ń polongo. Lábẹ́ irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹni tó wo aláìsàn, ẹni tó kọ oògùn àti ẹni tó kà á fún un wà nínú ọgbà kan náà, aláìsàn kò sì ní ìdí kankan láti gba ìdajì. Ṣùgbọ́n owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, àpò ìjọba gbẹ. Lọ́jọ́ 31 oṣù Ọ̀pẹ 1983 tí àwọn ológun gbàjọba, ọ̀kan nínú ẹ̀sùn tí Sani Abacha, ọ̀kan lára wọn, kà lórí afẹ́fẹ́ ni pé ilé ìwòsàn ti di ibi tí wọ́n ti ń yẹ èèyàn wò lásán, láìsí oògùn, láìsí omi, láìsí irinṣẹ́. Ní 1986, ìjọba ológun Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP kalẹ̀. Náírà wálẹ̀, oògùn tí ń ti òkè òkun wá sì gbówó lérí. Ní 1987, àwọn mínísítà ìlera Áfíríkà fẹnu kò ní Bamako, ní ilẹ̀ Mali, pé kí ará ìlú máa san owó oògùn, kí wọ́n lè fi owó náà ra òmíràn. Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ìlera wa nígbà náà, fi gbogbo agbára rẹ̀ gbé ìlera alábọ́dé dé ìjọba ìbílẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló sì ṣe. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, ohun tí ilé ìwòsàn ń fúnni ti di bébà: ó gbà á lọ́wọ́ dókítà, ó gbé e lọ sí kẹ́mísì. Ìgé àkọ́kọ́ nìyẹn. Ìmọ̀ràn wà lọ́tọ̀, oògùn wà lọ́tọ̀, kò sì sí ẹni tí ọ̀rọ̀ méjèèjì wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Àárín àwọn ọdún wọ̀nyí ni ìhà Kétu àti Alápẹ̀rẹ̀ ń kún. Títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti ṣí, wọ́n parí afárá Third Mainland ní 1990, ọjà Mile 12 sì ń fa alájàpá, alábàárù àti awakọ̀ mọ́ra. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2006, ìjọba ìbílẹ̀ Kóṣọ̀fẹ́ ti ní ju 660,000 lọ. Owó ojúmọ́ ni púpọ̀ nínú wọn ń jẹ, kẹ́mísì àdúgbò ló sì sún mọ́ wọn jù. Òfin ní kí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀, tí kì í ṣe ti apòògùn tó gbàwé ẹ̀rí, máa ta ìwọ̀nba oògùn nínú páálí tí ilé iṣẹ́ fi dì í, kó má sì fọwọ́ kan oògùn apakòkòrò. Ọjà kì í gbọ́ òfin yẹn. Ẹ wá jẹ́ ká ṣírò. Amoxicillin lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọjọ́ méje jẹ́ kápúsù 21. Mẹ́wàá ló sábà máa ń wà nínú káàdì kan. Ẹni tí owó rẹ̀ ká káàdì kan ti ra ọjọ́ mẹ́ta àti kápúsù kan lé. Ẹni tó ra méjì, ó ku kápúsù kan kó pé. Ẹni tó ra mẹ́ta á ní mẹ́sàn-án ṣẹ́kù, ìyẹn ló sì máa di oògùn aládùúgbò lóṣù tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá ní ọjọ́ márùn-ún ni, káàdì kan àbọ̀ ni, àlùmọ́gàjí gbọ́dọ̀ jáde. Ẹni tó ra káàdì kan tó sì lo gbogbo rẹ̀ ti lo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Èwo ni kò lò tán níbẹ̀? Kẹ́mísì tó bá ní òun kò ní gé e á rí oníbàárà rẹ̀ tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù kejì, ilé iṣẹ́ tó di káàdì sì ti gé e kí òun tó gé e.

Oògùn ibà lẹ́yìn 2005 ni ẹ̀rí tó fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí múlẹ̀ jù. Lọ́dún náà, ìjọba àpapọ̀ fi àpapọ̀ artemether àti lumefantrine rọ́pò chloroquine. Tu Youyou àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣáínà ló rí artemisinin lára ewé kan ní 1972, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2015. Lójú ẹni tó mọ hóró mẹ́wàá, oògùn tuntun náà nira: hóró 24, mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan, ìgbà mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́ta, èkejì ní wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn èkíní, oúnjẹ tó ní ọ̀rá sì gbọ́dọ̀ wà níkùn kó tó ṣiṣẹ́ dáadáa. Fún ẹni tó ń jí lọ pàdé ọkọ̀ tòmátò ní Mile 12 kí ilẹ̀ tó mọ́, ohun tí èèyàn máa gbójú fò ni. Kàkà kí wọ́n kàn máa wàásù, àwọn tó ni oògùn náà yí i padà. Wọ́n di ti ọmọdé àti ti àgbà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ara ṣe wúwo tó; wọ́n ya oòrùn àti òṣùpá sí ara páálí láti fi ti àárọ̀ hàn yàtọ̀ sí ti alẹ́. Láti 2010, ètò kan tí àwọn àjọ àgbáyé dá sílẹ̀ sanwó lé e lórí ní Nàìjíríà àtàwọn orílẹ̀-èdè mélòó kan, páálí tó ní àmì ewé sì wá sí iye tí tálákà lè rà. Lẹ́yìn náà, wọ́n ṣe èyí tí hóró kan dúró fún mẹ́rin: 24 di mẹ́fà. Èèyàn Alápẹ̀rẹ̀ kò yí padà láàárín ìgbà yẹn, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀wé, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ràn. Oògùn ló rìn wá bá a níbi tó wà.

Ẹnì kan lè dá mi lóhùn pé olówó náà kì í lo oògùn tán, pé ti owó kọ́. Òdodo ni, ẹ̀rí tó dára sì wà fún un. Ní 1963, Bergman àti Werner tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí ọmọ 59 tí wọ́n fún ní penicillin ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ju ìdajì wọn lọ ti dáwọ́ dúró. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àwọn tí kò lò ó mọ́ ti lé ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ìwádìí yìí mú ẹ̀sùn àìmọ̀wé àti ti àṣà Yorùbá kúrò nílẹ̀ pátápátá, ṣùgbọ́n ó tún fi hàn pé kí oògùn pé lọ́wọ́ èèyàn nìkan kò tó. Ara tó ti yá jẹ́ ẹlẹ́rìí tó lágbára, bí kò bá sì sí ẹni tó ti ṣàlàyé ṣáájú, ẹlẹ́rìí yìí ni aláìsàn máa gbà gbọ́. Ìtọ́jú ikọ́ fée fi ẹ̀gbẹ́ méjèèjì hàn. Láti àwọn ọdún 1990 ni WHO ti ń polongo DOTS, oṣù mẹ́fà ni wọ́n sì ń pè ní ìtọ́jú kúkúrú níbẹ̀: oògùn jẹ́ ọ̀fẹ́, òṣìṣẹ́ ìlera a sì máa wo aláìsàn bó ṣe ń gbé e mì. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé wíwo ẹnu èèyàn nìkan kì í mú ìwòsàn pọ̀ sí i. Ohun tó kù nínú ètò náà, ìyẹn oògùn tí kì í wọ́n àti ẹni kan tó mọ orúkọ aláìsàn tó sì ń béèrè rẹ̀, kì í ṣe ohun tuntun fún ẹni tó rántí ìkòkò àgbo.

Àtakò tó le jù ti inú ìmọ̀ ìṣègùn wá. Ní 2017, onímọ̀ ìṣègùn Martin Llewelyn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ pé àṣẹ “lo oògùn apakòkòrò tán” kò ní ẹ̀rí tó tó lẹ́yìn, pé bí irú oògùn bẹ́ẹ̀ bá ṣe pẹ́ lára tó ni àwọn kòkòrò mìíràn tí ń gbé inú wa ń di èyí tí kò gbọ́ ọ mọ́. Ìbẹ̀rùbojo àkókò tí penicillin ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n sọ pé àṣẹ náà ti wá: ọlọ́pàá Albert Alexander, tí ara rẹ̀ ti ń yá ní Oxford ní 1941 kí penicillin tó tán nílẹ̀, tó sì kú, àti ìkìlọ̀ tí Alexander Fleming, ẹni tó ṣàwárí penicillin, ṣe ní 1945 nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel, pé penicillin tí kò tó a máa kọ́ kòkòrò lágídí. Ṣé ẹni tó dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kẹta ní Alápẹ̀rẹ̀ ló wá jàre? Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò kan ikọ́ fée, kò sì kan ibà, níbi tí artemisinin ti ń kúrò lára láàárín wákàtí díẹ̀ tó sì jẹ́ pé ọjọ́ tí wọ́n fi tún un lò, pẹ̀lú oògùn kejì tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ ọn, ló ń kó ìyókù kòkòrò. Aláìsàn kò sì lè fojú lásán mọ èyí tó jẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan ni wọ́n fi yé wa: iye ọjọ́ kì í ṣe òfin Ọlọ́run. Èèyàn ló dá a, èèyàn sì lè fi ìwádìí dín in kù. Ní 2002, ìwádìí kan ní Pakistan fi hàn pé amoxicillin ọjọ́ mẹ́ta ṣiṣẹ́ bíi ti ọjọ́ márùn-ún fún òtútù àyà tí kò le lára ọmọdé. Ìyá tó dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kẹta ṣáájú ìgbà náà kò jìnnà sí òtítọ́ tó bí wọ́n ṣe ń pariwo lé e lórí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tíì di ìtàn àtijọ́. Ní oṣù Ògún 2023, ilé iṣẹ́ oògùn GlaxoSmithKline kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà. Náírà ti já lulẹ̀ láti oṣù Òkúdù ọdún náà, oògùn apakòkòrò tí àwọn èèyàn mọ̀ sì di ohun tí wọ́n ń gbọ́ iye rẹ̀ tí wọ́n ń yí ẹ̀yìn padà. Òfin ìdójútòfò ìlera ti ọdún 2022 àti ètò Ìlera Èkó ti ìpínlẹ̀ lè dá ọ̀nà tí Jákàńdè là padà lọ́nà mìíràn, bí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jẹ owó ojúmọ́ lóòótọ́, tí oògùn sì wà níbi tí ìwé wọn bá júwe. Kí ìyẹn tó délé dóko, àwọn nǹkan kan wà tí kò nílò àjọ àgbáyé: kí ilé iṣẹ́ máa di amoxicillin ní 15 tàbí 21 gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń di oògùn ibà, kí iye tí wọ́n ń pè jẹ́ iye ìtọ́jú, kì í ṣe iye káàdì, kí ẹni tó ń fúnni lóògùn sọ ọjọ́ tí ara máa yá, ìdí tí a kò fi gbọ́dọ̀ dúró lọ́jọ́ náà, àti ohun tí oògùn lè ṣe sí awọ tàbí inú, kí ẹni tó dá oògùn dúró sì lè sọ bẹ́ẹ̀ láìgba èébú. Títí a ó fi ṣe èyí, a kàn ń bá ẹni tí wọ́n ta ìdajì fún jà pé kò lo odidi ni.